Ọkọ́ tí Màmá Gbé Wá láti Ìwó

Àwọn tí mo ti sọ ìtàn yìí fún máa ń fẹ́ kí n fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, nítorí pé òkú wà nínú rẹ̀. Mi ò ní fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú ṣì ń bí mi dòní, àfi pé ẹni tí mo ń bínú sí báyìí kì í ṣe ẹni tí mo kọ́kọ́ bínú sí.

Koríko ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí Saifullah ọkọ mi kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ gbin koríko síwájú ilé tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún wa ní Jẹ́dà. Ìwó ni àwa méjèèjì ti wá, ọ̀tá ilé sì ni koríko ní Ìwó. Ọ̀lẹ èèyàn ni kì í ro àyíká ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jẹ́dà kì í ṣe Ìwó. Yanrìn àti òkúta ló wà nílẹ̀ níbí, ẹni tó bá sì fẹ́ kí ojú òun rí ohun tútù, àfi kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín. Ẹnjiníà omi ni Saifullah. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà lára àwọn tó ń sọ omi òkun di omi mímu. Ó ní òun ò lè máa fún odindi ìlú lómi kí iwájú ilé òun máa gbẹ. A kò bímọ. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, etí koríko yẹn ló ń bọ́ bàtà sí, orí rẹ̀ ló ti ń kírun Màgàríbì, ibẹ̀ náà ni mo ti ń gbé tíì pàdé rẹ̀.

Oríṣi koríko méjì ló ń lò. Èyí tó ń fara da ooru, tí gbòǹgbò rẹ̀ le bíi ti gbégi, máa ń sùn tí ọyẹ́ bá ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì pọ́n. Kí ilẹ̀ má baà pọ́n, ní ìparí oṣù Kẹwàá, nígbà tí ooru bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, Saifullah á gé ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá fá orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Á kó pàǹtí rẹ̀ kúrò. Á wá fọ́n irúgbìn koríko ìgbà òtútù lé e lórí. Ó máa ń po irúgbìn náà mọ́ yanrìn kó lè kárí dọ́gba. Á fọ́n an láti géètì lọ sẹ́nu ìlẹ̀kùn, á tún fọ́n an láti ògiri dé ògiri. Á ku ìgbẹ́ àgùntàn gbígbẹ lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Omi ló kàn, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, níwọ̀nba, kí ilẹ̀ má gbẹ, kó má sì di ẹrẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó rẹ̀ pàápàá, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mò ń gbà bí olè.

Ní oṣù Keje tó kọjá, Saifullah ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti lọ. Wọ́n kírun sí i lára ní mọ́sálásí Hárámù, wọ́n sì sin ín sí Màálà, itẹ́ òkú tó wà ní àdúgbò Al-Hujun ní Mọ́kà. Ìyá rẹ̀ kò rí físà gbà kí wọ́n tó sin ín. Orí fóònù ló ti sunkún ọmọ rẹ̀, tó ń bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè, tí èmi náà sì ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, sí gbogbo rẹ̀ kó lè dákẹ́.

Ilé iṣẹ́ ní kí n máa gbé ilé náà títí ọdún á fi parí, lẹ́yìn náà kí n máa lọ sí ìlú mi. Mo jókòó ti opó tó yẹ kó gba oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, mò ń wo koríko láti ojú fèrèsé. Nígbà tí oṣù Kẹwàá ń lọ sópin, mo ṣí yàrá tí a ń kó ẹrù sí, mo rí ààbọ̀ àpò irúgbìn tó ṣẹ́ kù lọ́dún tó kọjá. Saifullah ti fi okùn búlúù so ẹnu rẹ̀, bí òun nìkan ṣe máa ń so nǹkan, á yí okùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó kì í bọ abẹ́. Ọ̀bẹ wà nílé ìdáná. Mi ò mú un. Ó gbà mí tó ìdajì wákàtí kí n tó tú ìso náà, èékánná mi méjì sì kán sí i. Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ ọkọ mi so láyé, òun nìkan ló kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú.

Mo gé koríko àtijọ́ mọ́lẹ̀. Mo po irúgbìn mọ́ yanrìn. Mo rìn láti géètì dé ẹnu ìlẹ̀kùn, mo rìn láti ògiri dé ògiri, mo gbọn àpò náà títí ẹyọ kan ò fi kù nínú rẹ̀. Mo so okùn búlúù náà mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Ohun tí mò ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí koríko Saifullah tutù lójú mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kó jáde nínú ilé yẹn. Lọ́jọ́ keje, ó yọ. Ó rí tinrín, ó ń tutù yọ̀yọ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, mo sunkún tẹ́ mi lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìyá ọkọ mi dé.

Abbas ló lọ gbé e ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀rẹ́ Saifullah ni Abbas, Al-Hujun ni wọ́n bí i sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ìwó wá ṣe Hájì tí kò padà mọ́. Òun ló wọ inú sàréè gba òkú ọkọ mi. Ó dúró ní géètì pẹ̀lú àpótí méjì lọ́wọ́, Màmá sì dúró níwájú rẹ̀, kò wọlé, kò kí mi.

"Háà! Kabirat! Koríko ti gba ẹnu ọ̀nà ọmọ mi?"

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. A gbìn ín ni."

"Ẹ ṣe kí ni?" Ó yíjú sí Abbas. "Ṣé ó ní àwọn gbìn ín?"

"Wallahi, wọ́n gbìn ín ni, Àlàájà," ni Abbas wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Najíìlì ni wọ́n ń pè é níbí. Nǹkan afẹ́ ni."

Màmá wá mi orí. "Baálé ilé kú, ilé di ahoro. A máa ń sọ ọ́ lásán ni. Mi ò mọ̀ pé n ó fojú ara mi rí i nílé ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ilé tí mò ń bomi rin lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ló pè ní ahoro! Mo gbé e mì nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí ọ̀nà tó ti rìn, àti nítorí pé òun ló bí Saifullah. Ṣùgbọ́n kò tíì tán. Nígbà tó ń tú ẹrù, ó kó gààrí jáde, ó kó ẹ̀gúsí jáde, ó kó irú tó fi ọ̀rá mẹ́ta wé jáde. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó fi gèlè àtijọ́ kan di nǹkan kan. Ó tú u. Ọkọ́ ni. Ọkọ́ kékeré, ojú rẹ̀ ti jẹ dé ìdajì, igi rẹ̀ sì ti dán nítorí ọwọ́ tó ti ń dì í mú láti ọjọ́ pípẹ́.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ọkọ́ ṣe ní Saudi?"

Ó wò mí pẹ́. "Iṣẹ́ wà fún un," ló wí, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Iṣẹ́ wà fún un! Ṣé ẹ rí i? Saifullah máa ń fi fọ́tò koríko náà ránṣẹ́ sí i, gbogbo ìgbà tó bá sì rí i ló máa ń bá a jà lórí fóònù pé ejò máa wọlé tọ̀ wọ́n. Nítorí náà mo mọ̀, tàbí mo rò pé mo mọ̀. Ìyá yìí gbé ọkọ́ wọ ọkọ̀ òfurufú láti Ìwó kó lè wá fi han èmi ìyàwó pé ọ̀lẹ ni mí. Mo dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀, mo ní, "Màmá, mo bẹ̀ yín ni o, ẹ má fọwọ́ kan koríko ìta yẹn." Ó ní, "Mo gbọ́." Mi ò sọ ti àpò irúgbìn fún un, mi ò sọ ti okùn. Kí ni mo fẹ́ wí? Ẹni tó pe ilé mi ní ahoro, ṣé òun ni n ó wá tú inú mi sílẹ̀ fún?

Lọ́jọ́ kẹta, Abbas wá gbé e lọ sí Mọ́kà láti ṣe Ùmúrà. Ó bá a gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Ash-Shubaikah, níbi tí kò ti ní rìn jìnnà kó tó dé Hárámù. Opó ò jẹ́ kí n bá wọn lọ. Kí n má purọ́, inú mi dùn pé ó kúrò nílé. Fún ọjọ́ méjì, èmi àti koríko mi nìkan la jọ wà.

Nígbà tí wọ́n padà, Abbas kò wọlé mu tíì. Ó gbé Màmá sílẹ̀ ní géètì, ó ní òun ń kánjú, kò sì wo ojú mi. Màmá wọlé, ó jókòó, kò jẹun. Mo bi í bóyá Ùmúrà rọrùn. Ó ní, "Àlùhàmúdúlílàhì." Ó wọ yàrá lọ. Mo ní ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní láti lọ sí jawáàsàtì, ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà wọn, nítorí ìwé tí wọ́n máa fi gbà mí láàyè láti jáde kúrò ní ìlú wọn. Mo bomi rin koríko mi lẹ́yìn Àsùbáà. Ó ti ga tó ìka kékeré. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde. Ní jawáàsàtì, wọ́n ní kí n lọ sí yàrá kejì, yàrá kejì ní kí n padà sí yàrá kìíní, ọmọkùnrin kan tí mo lè bí sì ń bi mí níbo ni ọkọ mi wà tí kò fi bá mi wá. Ìbínú tí mo gbé kúrò níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn nìkan tó láti fi se ìkòkò ẹ̀wà.

Mo ṣí géètì.

Ilẹ̀ lásán ni mo rí. Láti ògiri dé ògiri, kò sí koríko kan. Wọ́n ti fa tuntun tu, wọ́n ti fi ọkọ́ ha ti àtijọ́ kúrò lójú ilẹ̀, wọ́n sì ti gbá a. Ojú ọwọ̀ hàn lórí ilẹ̀ náà ní ìlà-ìlà, bí àgbàlá ṣe máa ń rí ní Ìwó láàárọ̀ ọjọ́ Iléyá. Ọ̀rá ìdọ̀tí dúdú mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ti di ẹnu wọn. Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ọkọ́ wà lórí itan rẹ̀, eruku dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ṣe?"

"Mo tún iwájú ilé ọmọ mi ṣe."

Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ báàgì ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo pariwo. Mo pariwo débi pé fèrèsé ṣí ní ilé kejì. Èmi tí mi ò gbọdọ̀ gbé ohùn sókè sí ìyá ọkọ mi, tí mo wà nínú opó, mo nàka sí i lójú.

"Ẹ sọ pé ẹ gbọ́! Mo bẹ̀ yín, ẹ ní ẹ gbọ́! Láti ọjọ́ tí ẹ ti dé ni ẹ ti ń wá nǹkan tí ẹ máa bàjẹ́ nínú ilé yìí. Ẹ gbé ọkọ́ láti Ìwó nítorí tèmi! Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ tu? Saifullah ló ra irúgbìn yẹn! Ọwọ́ Saifullah ló so ẹnu àpò rẹ̀! Ẹyọ kan ò kù mọ́, gbogbo rẹ̀ ni mo fọ́n sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ẹ sì fà tu! Nǹkan kan ṣoṣo tí mo ní!"

Màmá dìde. Obìnrin kúkurú ni, ṣùgbọ́n orí àtẹ̀gùn ló wà, ojú wa bá ara wọn.

"Nítorí tìẹ?" Ó na ọkọ́ náà sí mi. "Nítorí tìẹ ni mo ṣe gbé ọkọ́? Kabirat, ta ló sọ fún mi lórí fóònù pé ibojì ọmọ mi wà níbẹ̀ tí mo lè rí? Mo bi ọ́, mo ní ṣé wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i, o ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ṣé wọ́n á jẹ́ kí n débẹ̀, o ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Bàbá rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìnkùlé wa ní Ìwó. Ọdọọdún tí òjò bá ti dá, èmi ni mo máa ń ro orí ibojì rẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi ṣe é. Ọkọ́ yìí ni mo fi ń ro ó. Mo ní ọkọ́ tí mo fi ń ro ti bàbá, òun náà ni n ó fi ro ti ọmọ."

Mo sọ ọwọ́ tí mo fi nàka sí i kalẹ̀.

"Mo gbé e dání lọ sí Mọ́kà," ló ń bá a lọ. "Mo fi gèlè wé e sínú báàgì mi. A dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, ọlọ́pàá ní mamnúù, obìnrin ò gbọdọ̀ wọlé. Mo ní ìyá rẹ̀ ni mí. Abbas bá wọn sọ ọ́ ní èdè wọn, wọ́n ní mamnúù. Ó wá mú mi gun afárá kan tó wà lókè ibẹ̀, ó nawọ́, ó ní, Àlàájà, apá ibẹ̀ yẹn ni. Apá ibo? Yanrìn àti òkúta ni mo rí, ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Kò sí orúkọ. Ó ní nọ́mbà ni wọ́n ń lò." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, eruku sì kùn ún lójú. "Ṣùgbọ́n ibẹ̀ mọ́. Koríko kan ò sí níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan tí ọkọ́ mi lè bá wọn ro. Mo wá dé ibí, mo rí koríko lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní ó dáa, ibi tí ọwọ́ mi tó nìyí."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lọ tó oṣù mẹ́rin. Mo ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé wọn kì í kọ orúkọ sí sàréè ní Màálà. Mo mọ̀ pé obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Mo fẹ́ kó dákẹ́ ẹkún lórí fóònù ni, nítorí pé ẹkún rẹ̀ ń dí tèmi lọ́wọ́. Mo wá jókòó ti koríko fún bí oṣù mẹ́rin, mo jẹ́ kí arúgbó gbé ọkọ́ la ojú òfurufú kọjá wá síbi tí wọ́n ti máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Inú ń bí mi síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín jẹ. Mi ò kàn rí ẹni tí mo lè nàka sí mọ́ ni, àfi ara mi.

"Irúgbìn wo lo ní ó so lẹ́nu?" ni Màmá béèrè. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Mo na ọwọ́ mi sí i, mo fi okùn búlúù hàn án. Ó dì í mú pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó gbé e súnmọ́ imú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi mí sílẹ̀. Ó lọ bá ọ̀rá dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ya àkọ́kọ́, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa koríko tuntun kúrò láàárín ti àtijọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ, àwọn tí gbòǹgbò wọn ṣì funfun. Ó fi ìka gbẹ́ ihò sílẹ̀, ó ki ọ̀kan bọ̀ ọ́, ó tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn nídìí, ó gbẹ́ òmíràn.

"Màmá, kò lè yè mọ́. Oòrùn ti pa á."

"Panu mọ́. Gbé omi wá."

Mo gbé omi wá. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò dárí jì í, mi ò sì rò pé òun náà dárí jì mí. Ejìká rẹ̀ le, òun ò wò mí, èmi ò wò ó. A kàn ń gbìn. Wọ́n pe ìrun Àlàásárì, a kí i, a padà sí ibẹ̀. Ibi tí a gbìn kò tó fífẹ̀ ẹní ìkírun, ìdajì rẹ̀ sì ti ń wó lulẹ̀ kí omi tó kàn án.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Màmá dúró pẹ̀lú ewé kan láàárín ìka méjì.

"Kabirat, ibi tí Abbas nawọ́ sí lórí afárá yẹn, ṣé ibẹ̀ gan-an ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá" ti wà lórí ahọ́n mi. Ó ti wà níbẹ̀ láti oṣù Keje, ó ti mọ ọ̀nà. Mo gbé e mì.

"Mi ò mọ̀, Màmá. Èmi náà ò tíì débẹ̀ rí."

Ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sán. Ó ki ewé náà bọ inú ilẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ nídìí, ó sì sún díẹ̀ kí n lè ráyè bu omi sí i.